Nígbà tí Ilẹ̀ẹ́gbóná Bá Gbé Ọmọ Dé Ọsibítù

Láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin ọdún, nígbà tí ọyẹ́ ti ń lọ ṣùgbọ́n tí òjò kò tíì pa eruku, kì í pẹ́ tí èèyàn fi ń rí ọmọ tí wọ́n fi kalamáìnì kùn funfun láti ọrùn dé orúnkún ní Ìgànná, ní Òkè-Ògùn. Kì í ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Ìyá ọmọ á ní ilẹ̀ẹ́gbóná ni, ohun tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní ṣíkínpọ́ọ̀sì, pé ó ti ń sú jáde, kó ṣáà sú tán. Ìyá àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà á fi kún un pé kò sí ẹni tí kò ṣe é rí nínú àwọn, kò sì pa ẹnì kan.

Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́ délẹ̀. Ní ìlú tí ìtọ́jú ti dára, nínú 100,000 ọmọ ọdún kan sí mẹ́rìnlá tí àrùn náà mú, bí ẹyọ kan ni ikú ń mú lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka òkú nìkan kò tíì ka ohun tó ń ná òbí lówó àti oorun. Kí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó dé Amẹ́ríkà ní 1995, bíi mílíọ̀nù mẹ́rin èèyàn ló ń ṣe ṣíkínpọ́ọ̀sì níbẹ̀ lọ́dọọdún. Nínú wọn, 10,500 sí 13,000 ló ń dèrò ọsibítù, 100 sí 150 sì ń kú. Èyí tó yẹ kó la òbí lójú nínú ìṣirò yìí ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n gbà sí wọ́ọ̀dù kò ní àìsàn kankan lára tẹ́lẹ̀. Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ tó kọjá ni. Nígbà tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fojú díwọ̀n ti gbogbo ayé ní 2014, wọ́n ní ó kéré tán, mílíọ̀nù 140 èèyàn ló ń ṣe é lọ́dún, tí ti mílíọ̀nù mẹ́rin lé 200,000 nínú wọn ń le dé ọsibítù, tí 4,200 sì ń kú.

Níbi tí mo dúró sí lórí ọ̀rọ̀ náà rèé: àrùn yìí fúnra rẹ̀ kì í sábà gbé ọmọ dé orí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tó ń tẹ̀ lé e ló ń gbé e lọ: kòkòrò tó gba ojú egbò wọlé, oògùn tí kò yẹ kí a fún ọmọ, àti ọjọ́ tí a fi ń wo ọmọ níran pé kó sú tán.

Fáírọ́ọ̀sì tó ń fà á, varicella-zoster, ń bá afẹ́fẹ́ rìn, ó sì ń ti ara omi inú ìléròrò ràn. Bó bá wọ ara lónìí, ó di ọjọ́ mẹ́wàá sí mọ́kànlélógún kó tó sú. Ọmọ a sì ti máa kó o ran ẹlòmíràn láti ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú kí ohunkóhun tó yọ lára rẹ̀, títí gbogbo ojú egbò yóò fi gbẹ. Ìdí nìyẹn tí dídá ọmọ padà láti ilé-ìwé lọ́jọ́ tó sú kì í fi í ká a mọ́. Àwọn tí wọ́n jọ jókòó ti gbà á.

Nínú agbo ilé tí àwọn ọmọ ti ń sùn pọ̀ lórí ẹní kan, ọmọ tó kó o bọ̀ láti ìta sábà máa ń ní ìwọ̀nba. Àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń mí sí ara wọn lójú mọ́jú ni tirẹ̀ máa ń pọ̀ jù, torí pé fáírọ́ọ̀sì tó wọ̀ ọ́ lára pọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti dojú rú ni pé lórí ọmọ kejì yìí gan-an ni ọkàn òbí ti balẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n tọ́jú lórí ti àkọ́kọ́, wọn kì í sì í yọjú wò ó lóru mọ́. Ìyàtọ̀ mìíràn tún wà láàárín wa àti àwọn ará ilẹ̀ òtútù: níbi tí oòrùn ti ń mú, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í ṣe é ní kékeré, tó jẹ́ pé àgbà ló ń bá wọn. Bàbá tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí ọmọ rẹ̀ kó o ràn lè ṣe é ju ọmọ lọ. Láti ọgbọ̀n ọdún dé mọ́kàndínláàádọ́ta, bí 25 nínú 100,000 ló ń bá a lọ.

Ṣùgbọ́n ti ọmọ là ń sọ, awọ ara ni a ó sì ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹrù pọ̀ sí jù. Ikùn, ẹ̀yìn àti orí ni ó sábà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ojú ibi kan á kọ́kọ́ pọ́n, á wú díẹ̀, kí ilẹ̀ sì tó ṣú, omi á ti gbára jọ síbẹ̀, tó mọ́ gaara bí omi òjò lórí ewé kókò. Lẹ́yìn náà omi ọ̀hún á ṣú, á gbẹ, á di èépá. Bí èyí ti ń gbẹ ni òmíràn ń yọ, fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, tó fi jẹ́ pé lára ọmọ kan náà, lọ́jọ́ kan náà, wàá rí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, èyí tó lómi àti èyí tó ti lé èépá. Ó lè tó 250 sí 500 lára ọmọ kan. Gbogbo rẹ̀ ló ń yún.

Ìyún yẹn ni ilẹ̀kùn. Ọmọ kì í họ ara ní ọ̀sán tó bí ó ti ń họ ọ́ lóru, nígbà tí ìyá ti sùn. Èékánná rẹ̀ gùn, iyanrìn wà lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò tí àwọn oníṣègùn ń pè ní Staphylococcus àti Streptococcus sì wà lára gbogbo wa láìṣe nǹkan títí wọ́n á fi rí ihò wọlé. Ojú egbò kan lára ọgọ́rùn-ún lè bàjẹ́ báyìí kó sì di ọ̀ràn. Àwọn ìwé òyìnbó á ní kí ẹ wò ó bóyá ó pupa. Lára ọmọ dúdú, pípọ́n kì í hàn dáadáa. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni kí ìyá fi kàn án. Bí ibì kan bá gbóná ju ibi tó kù lọ, tó le, tó ń wú síwájú, tí ọmọ sì ń ké bí a bá fọwọ́ kàn án, àkóràn ti wọlé nìyẹn. Ó lè di eéwo tó kún fún ọyún. Ó lè gba ibẹ̀ dé egungun tàbí oríkèé, tí ọmọ ò ní lè fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀ mọ́. Ó lè wọnú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó burú jù nínú wọn ni èyí tó ń jẹ ẹran ara lábẹ́ awọ, tí ìrora rẹ̀ á ju ohun tí ojú rí lọ fíìfíì. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń gba ẹ̀mí ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, wákàtí ni wọ́n sì ń kà níbẹ̀.

Ibà ọmọ náà ní ohun tó ń sọ. Bó bá di bí ọjọ́ kẹrin tó sú, ó yẹ kí ara rẹ̀ ti máa tutù. Ibà tó kọ̀ tí kò lọ nígbà náà, tàbí tó lọ tó tún padà dé, ti kúrò ní ti ilẹ̀ẹ́gbóná. Bí ìyá kan kò bá ní rántí ohun mìíràn nínú gbogbo èyí tí mo kọ, kó rántí èyí.

Mi ò bá àwọn tó ń bú ìtọ́jú ìbílẹ̀ lódindi kẹ́gbẹ́. Ejìnrìn tí a sè sínú omi wíwẹ̀, ewé dóńgóyárò, àdín tí a fi pa ara: púpọ̀ nínú wọn ń tu awọ lára, ọmọ a sì lè sùn. Ohun tí mo lòdì sí ni ewé tútù tí a gún, tí a fi omi odò pò, tí a wá ń fún sí ojú egbò tó ti là. Mo tún lòdì sí kàn-ìn-kàn-ìn, èyí tí àwọn kan fi ń bó orí ìléròrò kí ó lè yára gbẹ. Àwọn ilé kan wà tó jẹ́ pé òdìkejì ni wọ́n ń ṣe: wọn kì í jẹ́ kí omi kan ọmọ títí èépá yóò fi bọ́, pé omi ló ń tì í wọnú. Omi kò tì í wọnú. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú ọṣẹ tí kò ta, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀méjì lójúmọ́, ló ń dín kòkòrò kù lára awọ. Kí wọ́n gé èékánná ọmọ mọ́lẹ̀, kí wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ òwú tí kò fún un, kí wọ́n sì fún un lómi mu dáadáa, pàápàá bí ó bá ti sú sí ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun tí kò lè jẹun. Ọmọ tí omi tán lára rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n ń fà lómi ní wọ́ọ̀dù, ohun tí ife ẹ̀kọ tàbí omi iyọ̀ àti ṣúgà nílé ìbá ti dènà.

Láti ilé, kẹ́míìsì ló kàn. Àwọn òbí kì í sábà béèrè oògùn ní orúkọ níbẹ̀; wọ́n á ní kí wọ́n bá àwọn po ti ilẹ̀ẹ́gbóná, olùtà á sì kó oríṣi mẹ́rin márùn-ún sínú ọ̀rá kékeré. Pàrásítámọ́ọ̀ tó wà nínú rẹ̀ dára. Píríton lè jẹ́ kí ọmọ sùn. Áńpíkílọ́ọ̀sì kò lè ṣe fáírọ́ọ̀sì ní nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni hóró méjì tàbí mẹ́ta kò tó láti pa kòkòrò tó wọ egbò. Owó lásán ni. Ìbúpúrófìn ni kí wọ́n yọ kúrò, torí pé ó ti hàn léraléra pé àkóràn awọ tó le máa ń bá ọmọ tó lò ó nígbà ṣíkínpọ́ọ̀sì rìn, àjọ ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń kìlọ̀ fún òbí nípa rẹ̀. Hóró kékeré tó ń jẹ́ dẹ́ksà tàbí pẹrẹdínísólóònù, tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ara tètè yá lójú, ni mo bẹ̀rù jù. Ó ń so ọwọ́ ara tó yẹ kó bá àrùn jà, ọmọ tí ìbá ṣe é wọ́ọ́rọ́wọ́ lè wá ṣe é débi tí yóò wọ ẹ̀dọ̀fóró àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

Áspírìn tún ní ìtàn tirẹ̀. Ọmọ tó bá lò ó nígbà ilẹ̀ẹ́gbóná lè bọ́ sínú ohun tí wọ́n ń pè ní àrùn Reye: nígbà tí gbogbo ilé ti ń dúpẹ́ pé ara rẹ̀ ti ń yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í bì láìdáwọ́ dúró, á máa sọ kántankàntan, ẹ̀dọ̀ á bàjẹ́, ọpọlọ á wú. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ka 555 irú rẹ̀ ní 1980. Lẹ́yìn tí ìkìlọ̀ kárí, láti 1987 síwájú, kò tún ju 36 lọ lọ́dún kan. Ìlú Ọba fòfin de áspírìn fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá ní 1986, wọ́n sì gbé e dé ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn náà. Lọ́dọ̀ tiwa, áspírìn kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ orúkọ rẹ̀. Alábúkún, ìyẹ̀fun tí Jacob Ṣógbóyèga Odùlatẹ̀ ti ń ṣe ní Abẹ́òkúta láti 1918, tí kò sí ilé àgbàlagbà tí wọn ò mọ̀ ọ́n, áspírìn àti kaféìnì ni. Oògùn orí fífọ́ àgbà ni, ó sì wúlò fún ohun tí wọ́n ṣe é fún. Ìyá tó wá dá àpò kan sí méjì, tó da ìlàjì sínú ẹ̀kọ ọmọ nítorí ibà, kò mọ̀ pé áspírìn lòun fún un.

Ti ẹ̀dọ̀fóró àti ti ọpọlọ kò wọ́pọ̀ tó ti awọ, ṣùgbọ́n àwọn ló ń yára. Òtútù àyà a máa bá àgbà jà ju ọmọ lọ; lára ọmọ, kòkòrò tó tẹ̀ lé fáírọ́ọ̀sì ló sábà ń fà á. Bí nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ ti ń mọ̀ ọ́n rọrùn láti kọ́: á ká ẹ̀wù ọmọ sókè nígbà tó sùn tàbí tó dákẹ́, á wo ibi tí àyà àti ikùn ti pàdé, á sì ka mímí fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí ọmọ tó ti pé oṣù méjì ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún kan bá mí tó 50, tàbí tí ọmọ ọdún kan sí márùn-ún bá mí tó 40, kì í ṣe ẹni tí a ó gbé padà sílé. Ìyá náà lè fi aago fóònù rẹ̀ kà á.

Ní ti ọpọlọ, bí ẹyọ kan nínú 4,000 ọmọ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ranlẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tó sú: á dìde, ara rẹ̀ á máa yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ á máa tàsé ife. Ó máa ń dẹ́rù bani, wọ́n sì lè máa wá ẹni tó ṣe é sí i ládùúgbò, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn fi ń bọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Èyí tí gìrì, oorun àsùnùjí àti orí fífọ́ bá dé sí, ọ̀tọ̀ ni. Ìyẹn wíwú ọpọlọ gan-an ni. Ohun tó ń fi èyí pamọ́ ládùúgbò wa ni ibà ẹ̀fọn. Àyẹ̀wò ibà lára ọmọ Òkè-Ògùn kì í ṣòroó já sí pé ó wà, bó bá sì ti já sí bẹ́ẹ̀, gbogbo ojú á kúrò lára ilẹ̀ẹ́gbóná. Méjèèjì lè jọ wà lára ọmọ kan.

Àwọn kan sì wà tí a kò gbọ́dọ̀ bá dúró rárá. Ọmọ tó ní HIV, ọmọ tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, ọmọ tí wọ́n ń fún ní pẹrẹdínísólóònù nítorí kíndìnrín, ọmọ tí oúnjẹ kò ṣe lára débi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ẹni tó ṣe pàtàkì jù nínú wọn ni ìkókó. Bí ara ìyá bá sú láàárín ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ìbímọ sí ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, àrùn ti kọjá sí ọmọ, ṣùgbọ́n ààbò tí ara ìyá máa ń ṣe kò tíì bá a kọjá. Kí ìtọ́jú tó wà, irú àwọn ìkókó bẹ́ẹ̀ a máa kú tó ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Àsìkílófíà, oògùn tó ń bá fáírọ́ọ̀sì yìí jà, tí wọ́n ń fà sí iṣan ni wọ́n fi ń gbà á sílẹ̀, ọsibítù UCH ní Ìbàdàn sì ni kí wọ́n kọjú sí, kí ara ìkókó tó sú.

Ìgànná kì í ṣe Ìbàdàn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ju agbára ilé ìlera lọ, ọ̀nà Òkèhò ni yóò kọ́kọ́ gbà, ó lè di Ìsẹ́yìn, tàbí kó yà sí Baptist Medical Centre ní Ṣakí. Tí ọmọ bá wà ní abà tàbí ní gàá àwọn Fúlàní níhà ẹnubodè Benin, ọ̀kadà ló máa kọ́kọ́ gbé e dé ìlú. Owó ọkọ̀, ẹni tó máa ṣọ́ àwọn ọmọ tó kù, òwò ọjọ́ ọjà: gbogbo ìyẹn ló ń wà nínú ìdúró tí àwọn dókítà ń bínú sí. Mi ò lè dá ìyá lẹ́bi lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdúró kan wà tí kì í ṣe ti owó, ti ẹ̀rù ni.

Ṣànpọ̀nná ni gbòǹgbò rẹ̀. Nígbà tí àrùn yẹn ṣì ń pa èèyàn, wọn kì í pè é lórúkọ, Olóde ni wọ́n ń pè é, wọn kì í sì í ké ẹkún òkú rẹ̀. Àwọn aláwo òrìṣà Ṣànpọ̀nná ló ń sin òkú, wọ́n sì ń gba ẹrù rẹ̀. Dókítà Ogúntọ́lá Ṣàpárá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí ní Freetown ní 1861, lọ wọ ẹgbẹ́ awo náà níhà Ẹ̀pẹ́ láti mọ ìdí tí àrùn náà kò fi kásẹ̀ nílẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú ẹ̀rí pé àwọn kan nínú wọn mọ̀ọ́mọ̀ ń tàn án kálẹ̀. Ìjọba amúnisìn fòfin de awo náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Abẹ́rẹ́ ló parí iṣẹ́: ní 1970 ni ẹni ìkẹyìn ṣe é ní Nàìjíríà, WHO sì kéde lọ́jọ́ 8 oṣù karùn-ún 1980 pé ó ti tán láyé. Àrùn lọ, àṣà fífi aláìsàn pamọ́ kò tíì lọ tán.

Mpox, àrùn mìíràn tó ń súni lára, tún wá fẹ́ iná sí ẹ̀rù náà. Nígbà tó yọjú ní Bayelsa ní oṣù kẹsàn-án 2017, lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógójì tí a kò gbúròó rẹ̀ ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n fura sí ló já sí ṣíkínpọ́ọ̀sì nígbà tí àyẹ̀wò dé. Mpox sábà máa ń wú kókó ọrùn àti abẹ́ abíyá, ó ń sú sí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, ìléròrò rẹ̀ sì sábà máa ń dàgbà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èèyàn sì lè ní méjèèjì pọ̀. Òbí tó gbọ́ pé wọ́n á wá ya ọmọ òun sọ́tọ̀ á gbé e lọ sí abà, ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní ka mímí rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣíkínpọ́ọ̀sì ti wà. Michiaki Takahashi ló ṣe é ní Jàpáànù ní 1974, ọdún bíi mẹ́wàá lẹ́yìn tí ọmọkùnrin rẹ̀ ṣe ṣíkínpọ́ọ̀sì tó le nígbà tí wọ́n ń gbé ní Houston. Láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí Amẹ́ríkà fi lò ó, wọ́n ṣírò pé 238,000 ìgbà ni kò jẹ́ kí èèyàn dé orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ti ń lọ́ra tipẹ́, fi kún ti àwọn ọmọdé ní oṣù kìíní 2026. Ọmọ tí ará Ìgànná bá bí sí Lọ́ńdọ̀nù báyìí yóò gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ nílé kò ní rí i lára abẹ́rẹ́ tí ìjọba Nàìjíríà ń fún ọmọ, àfi kí òbí rà á ní ọsibítù aládàáni ní ìlú ńlá.

Ṣé kí a wá máa pariwo pé kí Abújá rà á? Mi ò tíì rò bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn WHO ni pé kí orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dájú pé òun lè dé ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, kí òun sì dúró síbẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá dé ọ̀dọ̀ ìdajì, àrùn á máa rìn díẹ̀díẹ̀, àwọn tó yẹ kó ṣe é ní kékeré á wá ṣe é lágbà, nígbà tó ń pa èèyàn. Èéyi, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún, ṣì ń pa ọmọ ju ilẹ̀ẹ́gbóná lọ fíìfíì, bẹ́ẹ̀ a kò tíì fún gbogbo ọmọ ní abà. Kí wọ́n kọ́kọ́ parí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ilé ìlera Ìgànná ní báyìí kéré sí i: àsìkílófíà oníhóró fún àwọn tó bá tètè dé láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún tí wọ́n sú, pàápàá àgbà, ọ̀dọ́ àti ọmọ kejì nínú ilé.

Kí wọ́n sì ní ìwé kan. Ọjọ́ orí ọmọ, ọjọ́ tó sú, oògùn tó ti lò kó tó dé, ohun tó gbé e wá, bó ti parí sí. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ sí Ìgbò-Ọrà, tí kò jìnnà sí wa, láti kọ́ bí a ti ń ka àìsàn lágbègbè oko. Iṣẹ́ náà kì í ṣe àjèjì sí apá ibí. Ọdún mẹ́ta irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti Ìgànná, Ìwéré-Ilé àti Òkèhò á jẹ́ ká mọ̀ bóyá awọ, àyà tàbí ọ̀rá oògùn kẹ́míìsì ló ń gbé àwọn ọmọ wa dé wọ́ọ̀dù jù.